Bí Ó Bá Jẹ́ Fúlàní Ńkọ́?

Ilé Adébóyè,
Àdúgbò Ìjerù,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Ìyá Ẹ̀yẹ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú ọjà, mo sì kí ọ kú àtijọ́. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Bàbá Ẹ̀yẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn báyìí? Ẹ̀yẹolúwa ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò tí kì í jẹ́ kó jẹun? Ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣé ara le, ṣé wọ́n ti bá ọ tún òrùlé ìsọ̀ rẹ ní Ọjà Akẹ̀sán ṣe, àbí ó ṣì ń jò sórí aṣọ títà bíi ti ọdún tó kọjá? Àwa náà ń gbìyànjú níbí. Bàbá Akin wà, Praise ọmọ wa wà, máṣíìnì ìránṣọ mi náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló kó Dorcas sí lẹ́tà kíkọ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣebí mo pè ọ́. Àmọ́ bí o bá ti dá mi lóhùn báyìí, tí mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ bóyá àǹkárá tuntun ti dé. Ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù yẹn náà, n kò fẹ́ ẹ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí Praise á ti gbọ́ ọ tán kí ìwọ tó gbọ́ ọ. Mo wá ní kí n jókòó kí n kọ ọ́, bóyá bí mo bá ṣe ń kọ ọ́ ni yóò máa yé èmi pàápàá. Ọkàn mi pòrúurùu, ọ̀rẹ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dàrú mọ́ mi lójú tó báyìí.

Wọ́n lu Akínkúnmi. Jọ̀wọ́, má kígbe, má sì tíì sáré wọ mọ́tò. Ó wà láàyè, ó ń rìn, ó ń jẹun. Ojú rẹ̀ ọ̀tún tó wú ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n sì ti yọ òwú tí wọ́n fi rán ètè rẹ̀. Àwọn tó lù ú kì í ṣe olè, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìta. Àwọn ọmọ wa ni, àwọn tí a ní kí wọ́n máa ṣọ́ wa.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. O rántí pé lẹ́yìn tí Akin ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tó wá iṣẹ́ títí tí kò rí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gba ilẹ̀ lọ́nà Ìkòyí-Ilé, wọ́n gbin pákí sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Abdulkareem ló máa ń gbé e lọ sóko, òun náà ni yóò sì gbé e bọ̀. Fúlàní ni Abdulkareem. Gáà, ìyẹn ibùdó tí àwọn Fúlàní ń gbé, wà nítòsí oko àwọn Akin. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Abdulkareem sí. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ló ń ta wàrà. Bí o bá dijú tí o ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wàá pè é, kódà tirẹ̀ tún jinlẹ̀ ju ti àwọn ọmọ tèmi lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ló fi ń kí mi nígbàkigbà tó bá wá gbé Akin, ilẹ̀ ì báà tutù, ì báà gbẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kì í jẹ́ kó kúrò nílé wa láìjẹun.

Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí lápá ibẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ẹni tó bá lọ sóko láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ kò ní lè jókòó títí tí yóò fi dé. N kò ní tún ìtàn àbúrò mi Joseph sọ fún ọ, nítorí ìwọ lo bá mi sunkún nígbà tí àwọn ajínigbé gbé e. Wọ́n dá a padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó padà wá yẹn kò jọ Joseph tí a mọ̀. Títí dòní, bí ọ̀kadà bá dún lẹ́yìn fèrèsé, ó máa ń dìde dúró ni, kò sì ní jókòó mọ́ àfi tí ìró rẹ̀ bá lọ tán. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé kan lójú ọ̀nà yẹn kó ara wọn jọ láti máa ṣọ́ ọ̀nà, inú mi dùn dé ẹ̀yìn. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Èmi ni mo tiẹ̀ rán ẹ̀wù kan náà tí gbogbo wọn ń wọ̀ kí àwọn èrò lè dá wọn mọ̀, n kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń dá níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹni tí ojú rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kó ki oríkì ilé rẹ̀. Ẹni tó bá kì í, ọmọ wa ni, kó máa lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní kó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa da ìbéèrè bò ó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹni tó ronú kan èyí gbọ́n. Mo ní àjèjì wo ló lè mọ oríkì onílé? Bàbá Akin pàápàá sọ ọ́ nínú ìpàdé àwọn díákónì pé ó yẹ kí àwọn abúlé yòókù máa ṣe bẹ́ẹ̀.

O wá mọ irú ojú tí Akin ní. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó pupa, imú rẹ̀ gùn ṣọnṣọ, irun rẹ̀ rọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ló jọ délẹ̀délẹ̀, Ìjerù níbí ni wọ́n sì bí màmá yẹn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ìwọ lo gbé e lọ́wọ́, tí o ní, “Dorcas, níbo lo ti rí ọmọ Fúlàní yìí?” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ìgbà náà lo ti ń pè é ní Fúlàní mi, gbogbo ilé wá gbà á lẹ́nu rẹ, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. N kò bá ọ wí o. Èmi gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ń bọ̀ láti oko, ojú ọ̀run ti ṣú, wọ́n ń sáré kí òjò má bàa pa wọ́n. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí dá wọn dúró. Ọkùnrin méjì lórí ọ̀kadà kan, tí àwọn méjèèjì ga, tí wọ́n pupa, tí wọ́n rí bíi ọmọ ìyá kan náà. Akin ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n ní kó ki oríkì ilé rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀yẹ, Akin kò mọ oríkì ilé wa. Níbo ni ì bá ti mọ̀ ọ́n? Ilé-ìwé tí a fi í sí ní kékeré, ẹni tó bá sọ Yorùbá níbẹ̀, ẹgba ni. Nílé náà, Bíbélì la fi ń jí, òun la fi ń sùn, bàbá rẹ̀ kì í sì í ki ẹnikẹ́ni. Ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún wọn. Ó sọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ orin kan fún wọn látinú ìwé orin Onítẹ̀bọmi. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ làwọn bi í. Ọ̀kan nínú wọn ní ajínigbé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ orúkọ díákónì. Jìnnìjìnnì wá bo ọmọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibẹ̀ ni Abdulkareem ti bọ́ sí i. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wà láyé, iwájú ilé ni màmá máa ń jókòó sí láàárọ̀, tí wọ́n á máa ki gbogbo ọmọ ilé tó bá wá kí wọn. Bí Abdulkareem bá dé tí Akin kò tíì múra tán, ọ̀dọ̀ màmá ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa gbọ́ ohun tí Akin kì í dúró gbọ́. Ọmọ Fúlàní yìí la ẹnu, ó ki oríkì ilé Adébóyè láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, “Ọmọ ilé Adébóyè nìyí, oríkì wọn ni mo kì yẹn.” Ó rò pé òun ń gba ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀ ni.

Ohun tó bí wọn nínú gan-an nìyẹn. Wọ́n ní, “Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n ti kọ́ oríkì wa sórí kí wọ́n lè fi tàn wá!” Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ẹni tí kò mọ oríkì, wọ́n ní àjèjì ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ní amí ni. Kí wá ni wọ́n ì bá sọ tí wọn ò fi ní lù wọ́n? Bí mo bá ti rò ó débẹ̀, n kì í lè lọ síwájú mọ́.

Wọ́n wọ́ àwọn méjèèjì sílẹ̀. N kò ní kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sínú lẹ́tà yìí. Ètè Akin ya. Apá Abdulkareem kán, wọ́n sì lu ọ̀kadà rẹ̀ títí tí kò fi ṣe é gùn mọ́. Ọlọ́run ló ní kí Ọlọ́runṣògo dé. Òun ni olórí wọn, awakọ̀ ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni; èmi ni mo ń rán sùtánà funfun fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe tan iná sí wọn lójú báyìí ló kígbe pé, “Yéè! Ọmọ Ìyá Aránṣọ nìyí!” Lójú ẹsẹ̀ ni igi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń lù ú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ọlọ́runṣògo gbé e sínú mọ́tò, ó gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tí mo dé.

Abdulkareem wà nílẹ̀ níbẹ̀. Akin ní òun ń pariwo nínú mọ́tò pé kí wọ́n gbé àwọn méjèèjì, wọ́n ní kó fara balẹ̀, àwọn á rí sí ti ìyẹn. Àwọn ará gáà rẹ̀ ló wá gbé e nínú òjò.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí wá bẹ̀ wá. Wọ́n pọ̀, wọ́n mú àgbà kan lẹ́yìn, wọ́n ru iṣu, wọ́n sì mú àkùkọ kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́rọ̀. Ọlọ́runṣògo dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ dákun, ẹ bá wa bẹ Bàbá. Àṣìṣe ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú rẹ̀, ojú yẹn ló ṣì wá lọ́nà. Ká ní àwọn ọmọ yìí mọ̀ pé ọmọ yín ni, ta ló jẹ́ fọwọ́ kàn án? Wọ́n rò pé Fúlàní ni.”

Mo gbà. Mo ní kó dìde. Bàbá Akin gbàdúrà fún wọn, wọ́n ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àwọn náà bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìlú. Praise gbé omi fún wọn. Ara tù mí lọ́jọ́ náà, n kò purọ́. Àṣìṣe ni, wọ́n ti bẹ̀bẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Àfi ìgbà tí Akin, tó ti ń wo ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, gbé ojú rẹ̀ tó wú sókè, ó ní, “Màmá, bí mo bá jẹ́ Fúlàní ńkọ́?”

Àkùkọ yẹn pàápàá dákẹ́.

Bàbá Akin ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn níwájú àlejò. Ọlọ́runṣògo họrí, ó ní, “Akin, ìwọ náà mọ ohun tí ojú wa ti rí lọ́nà yẹn.” Òótọ́ ló sọ, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n pa àna rẹ̀ sí, òun ló gbé òkú rẹ̀ wálé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìbá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní ènìyàn burúkú ni. Akin ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kí òun gba ẹ̀bẹ̀ wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí gáà, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Abdulkareem bí wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀ níbí. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé Akin ń ṣàwàdà ni. Ìgbà tó rí i pé ẹlòmíràn kò bá òun rẹ́rìn-ín ló fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n lọ. Iṣu wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná títí di ìsinsìnyí, kò sí ẹni tó fẹ́ ṣáájú gbé e kaná. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti pín sí méjì. Bàbá Akin ní Akin fẹ́ dójú ti òun ni. Wọ́n ní bí a bá ṣẹ àwọn ọ̀dọ́ yìí tí inú bí wọn tí wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀, tí àwọn ajínigbé bá tún wá gbé ẹlòmíràn ńkọ́? Mo gbọ́ èyí, ó yé mi. Bí mo bá tún dé yàrá Akin, tó ní àwọn méjì ni wọ́n jọ lù, kí ló dé tó jẹ́ ẹnì kan ni wọ́n bẹ̀, ìyẹn náà tún yé mi. Mo wá dà bí ẹni tí wọ́n ń pè níwájú tí wọ́n tún ń pè lẹ́yìn.

Mo ní kí n lọ bá Joseph. Mo rò pé ẹni tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí màbo yóò sọ̀rọ̀ líle, kí n lè mọ apá ibi tí n óò dúró sí. Ó wá ní nínú àwọn tó gbé òun, ẹni tó ń bu oúnjẹ fún àwọn, Yorùbá tó mọ́ gaara ló ń sọ, àní ó ń pe òun ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun ò mọ irú ojú tó yẹ kí òun máa sá fún mọ́, ìdí nìyẹn tí òun fi ń sá fún gbogbo ojú. Mo dìde, mo kí i pé ó dàbọ̀. Kàkà kó là mí lójú, ńṣe ló tún dì í.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú jù fún ọ. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn gbogbo èyí, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ ra òwú. A ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin kan fi wọlé tì mí, ó ga, ó pupa, ó wé láwàní mọ́rí. Ó kí mi dáadáa pé ẹ kú ọjà mà. Ìyá Ẹ̀yẹ, ǹjẹ́ o mọ̀ pé mo di báàgì mi mú? Mo ní kí ọlọ́kẹ̀kẹ́ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ. Èmi o! Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu ọmọ mi nítorí ojú rẹ̀! Mo fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ta òwú, nígbà tí mo débẹ̀, n kò rántí àwọ̀ tí mo fẹ́ rà mọ́.

Mo ti gbèrò pé kí n fi Akin ránṣẹ́ sọ́dọ̀ rẹ ní Ọ̀yọ́, kó bá ọ jókòó nísọ̀ títí ara yóò fi tù ú. Mo mọ̀ pé o kò ní kọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ètè rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ó ní, “Ṣé wọ́n máa bá mi pààrọ̀ ojú l'Ọ́yọ̀ọ́ ni, Màmá?” Nítorí náà, má tíì palẹ̀ yàrá mọ́.

Ìjẹta ni mo lọ sí gáà náà. N kò sọ fún Bàbá Akin. Mo di ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ, mo ní aláìsàn ni mo fẹ́ lọ kí. Bí o bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe gan-an, n kò lè sọ pé ohun kan pàtó nìyí. Mo rò pé mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó yẹ kó bẹ̀ wọ́n kò lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ilé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, wọ́n wọ ẹ̀wù tí mo rán, wọ́n ń juwọ́ sí mi pé, “Màmá, ẹ kú ìrìn o!” Kò sí ẹni tó ní kí èmi ki oríkì kankan.

Bí àwọn obìnrin gáà ṣe rí mi, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn wọlé. Ẹ̀rù mi ń bà wọ́n. Èmi Dorcas tí àkùkọ lásán ń lé kiri nínú ọgbà ara mi! Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń bọ̀. Abdulkareem wà lórí ẹní lábẹ́ ìbòòji, wọ́n ti fi igi di apá rẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kan tó kù dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo kígbe mọ́ ọn pé kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyá rẹ̀ ti ẹ̀yìn ilé yọ, ó ṣì mú igbá wàrà lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ mi ni, bí kò bá tiẹ̀ jù mí lọ. Kí n tó yanu, ó ti gbé igbá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú mi. Ó ní, “Ìyá Akin, ẹ dákun, ẹ forí jì wá. Ọmọ mi ló kó bá ọmọ yín. Ká ní kì í ṣe òun ló gbé e lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa lu ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti sọ fún un pé kó má gbé Akin mọ́. Ẹ má bínú sí wa mà.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò wá láti ilé pòórá. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín, àmọ́ omi ló kún ojú rẹ̀. Ó rò pé ìjà ni mo bá wá. Wọ́n lu ọmọ rẹ̀, wọ́n ba ohun tó fi ń jẹun jẹ́, ẹnì kan kò yọjú wá kí i pé ó kú ewu, òun ló tún wá ń bẹ̀ mí.

Kí ni kí n ṣe? Èmi náà kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ dìde mà.” Mo ní, “Ẹ̀yin ni kí ẹ dìde.” Ó ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ló máa ń ní kí ẹni tó kúnlẹ̀ dìde. Kò sí èyí tó gbà nínú àwa méjèèjì pé òun ni wọ́n ń bẹ̀. A wà lórí eékún níbẹ̀, igbá wàrà wà láàárín wa, Abdulkareem kọjú sí ògiri. N kò tiẹ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dìde. Ó wá bu wàrà fún mi pé kí n gbé e fún aláìsàn mi nílé.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, Akin ní òun yóò lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ níbi ìpàdé wọn, òun yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú gbogbo wọn. Mo ti sọ fún un pé a jọ ń lọ ni. Bàbá Akin kò tíì gbọ́. N kò mọ ohun tí n óò sọ bí mo bá débẹ̀, n kò sì mọ bí a ó ṣe bá ara wa gbé lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ n kò lè jókòó sílé.

Bá mi kí Bàbá Ẹ̀yẹ púpọ̀púpọ̀, má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn, ìwọ ni kí o rọra sọ ọ́ fún wọn. Bá mi kí Ẹ̀yẹolúwa, kí gbogbo àwọn ará ìsọ̀ tó bá rántí mi. Praise ní kí n kí ọ. Akin náà kí ọ.

Ìwọ lo máa ń mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ, láti ìgbà tí a ti jọ wà nílé-ìwé. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ mí tó bẹ̀ mí, mo mọ èsì rẹ̀. Bí mo bá ṣẹ ènìyàn, mo mọ bí n óò ṣe bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, tó ń tọrọ àforíjì nítorí ojú tí Ọlọ́run fún ọmọ rẹ̀, Ìyá Ẹ̀yẹ, kí là ń sọ fún un?

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí èsì,
Dorcas Adébóyè.